Gìtá Tó Ṣeé Tú Palẹ̀: Ìdí Tí Mo Fi Yan Telecaster

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé, nínú gbogbo gìtá oníná tí ayé ti gbà pé wọ́n di àgbà, kí n mú ẹyọ kan, kí n sì sọ ohun tí mo rí tí mo fi mú un. N kò ní fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ di ìparí ọ̀rọ̀. Fender Telecaster ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, tó ní píkọ́ọ̀pù méjì, ìyẹn ohun tó ń gbé ohùn okùn lọ sínú àǹpílífáyà. Ẹni tó ṣe é kì í ṣe olórin. Alátùn-únṣe rédíò ni. Gbogbo ohun tó dára nínú gìtá yẹn, àti ọ̀pọ̀ nínú èyí tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, láti inú iṣẹ́ àtúnṣe ló ti wá. Ohun tí mo fẹ́ là yé yín lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn tí wọ́n jọ du ipò. Telecaster bẹ̀rẹ̀ ní 1950, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì ní orúkọ yẹn nígbà náà. Gibson Les Paul tẹ̀ lé e ní 1952, Stratocaster dé ní 1954, Gibson ES-335 dé ní 1958. Ọdún mẹ́jọ péré ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi jáde tán. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin èyíkéyìí lónìí, ì báà jẹ́ ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ gìtá tí ẹ máa bá lára ògiri, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí wọn lórí, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí ni. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń sọ nínú ara rẹ̀ pé mo fo Flying V, mo fo Jazzmaster, mo fo àwọn Rickenbacker tí Beatles lò. Gìtá tó dára ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá sí, orin ayé á ṣì rí bó ṣe rí lónìí, àyàfi níbi díẹ̀. Bí a bá yọ ọ̀kan nínú mẹ́rin tí mo kà yẹn kúrò, ihò ńlá ló máa dá síbẹ̀.

Kí ló fà á tí wọ́n fi rọ́ dé pọ̀ bẹ́ẹ̀? Gìtá onígi tí inú rẹ̀ ṣófo kì í dún lọ títí. Bí fèrè àti ìlù bá ti pọ̀ nínú ẹgbẹ́, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀. Ní nǹkan bí 1931, ní ìpínlẹ̀ California, George Beauchamp àti Adolph Rickenbacker ṣe gìtá irin kékeré kan tí a ń gbé lé orí itan, tó rí roboto, tí ọrùn rẹ̀ sì gùn, tí gbogbo ènìyàn fi ń pè é ní páànù ìdíńkan. Òun ló kọ́kọ́ lo òòfà àti wáyà bàbà láti gbọ́ ohùn okùn débi tó fi ṣeé tà lọ́jà. Ní 1936 Gibson gbé ES-150 jáde, Charlie Christian sì fi í hàn pé gìtá lè dìde dúró láàárín ẹgbẹ́ jáàsì kó sì dá sọ̀rọ̀ tirẹ̀ bíi ti fèrè.

Ìṣòro kan ṣì kù. Bí gìtá tí inú rẹ̀ ṣófo bá súnmọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, ohùn yẹn á padà wá mi igi rẹ̀, igi á mi okùn, okùn á tún rán ohùn lọ, gbogbo rẹ̀ á di igbe kíkan tí kò ní dáwọ́ dúró títí ẹnìkan á fi sáré lọ dín in kù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró nídìí máíìkì ní òde àríyá mọ igbe tí mò ń wí. Les Paul, tó jẹ́ ògbóǹtarìgì onígìtá, wá ojútùú sí i ní nǹkan bí 1940. Ó mú ìtì igi kan, ó na okùn sí i, ó sì la gìtá kan sí méjì, ó so ìlàjì kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìtì náà kí ó lè jọ gìtá lójú àwọn èèyàn. Ohùn inú ìtì yẹn mọ́ gaara, kò sì ké. Ó gbé èrò náà lọ bá Gibson, wọn kò kà á sí. Ìgbà tí ẹlòmíràn ti gbé irú rẹ̀ sọ́jà ni wọ́n tó padà wá a lọ.

Ẹlòmíràn náà ni Leo Fender. Wọ́n bí i ní 1909 ní California. Iṣẹ́ ìṣirò owó ló kọ́kọ́ ń ṣe, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe rédíò ní ìlú Fullerton ní 1938. Títí ó fi kú ní 1991, kò mọ gìtá ta. Àwọn olórin agbègbè rẹ̀, tí wọ́n ń ṣeré fún àwọn oníjó lálẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, máa ń gbé àǹpílífáyà tó dákẹ́ wá bá a, bó ṣe ń tún un ṣe ló ń bi wọ́n léèrè ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹni tó bá ń tún ohun èlò ṣe fún aráyé lójoojúmọ́ á mọ ibi tí nǹkan ti máa ń kọ́kọ́ jáwọ́. Á mọ̀ pé ẹni tó dúró níwájú òun ní òde tó fẹ́ lọ bá lálẹ́ ọjọ́ náà, pé kò sì ní gìtá kejì nílé.

Nígbà náà, bí wọ́n ti ń ṣe gìtá láti àtayébáyé ni pé agbẹ́gìtá á tẹ igi pẹlẹbẹ, á gbẹ́ ikùn rẹ̀, á fi gọ́ọ̀mù lẹ ọrùn mọ́ ara, á sì fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ dán an. Fender kọ gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Ó mú pákó ash tí kò nípọn tó ínṣì méjì, ó gé e, ó gbẹ́ ihò díẹ̀ sínú rẹ̀ fún wáyà. Ó fi maple ṣe ọrùn, odindi igi kan, kò lẹ igi mìíràn mọ́ ọn lójú; ara igi náà gan-an ló lu fúrẹ́ẹ̀tì mọ́. Ó to èèkàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí apá kan orí gìtá kí okùn lè lọ tààrà. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní 1950 kò ní ọ̀pá irin nínú ọrùn, nítorí ó gbà pé maple le tó. Ọrùn àwọn kan tẹ̀, àwọn oníbàárà dá wọn padà, ilé iṣẹ́ sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí Telecaster ọlọ́rùn maple, ẹ yí i padà: ìlà igi dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ọrùn, òun ni wọ́n fi dí ojú ibi tí ọ̀pá gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

Ti orúkọ rẹ̀ kò gba àsọgùn. Èyí tó ní píkọ́ọ̀pù kan ni Esquire. Oní-píkọ́ọ̀pù méjì ni wọ́n sọ ní Broadcaster. Ilé iṣẹ́ Gretsch kọ̀wé pé àwọn ti fi orúkọ tó jọ ọ́ pe ìlù àwọn, Fender sì gé orúkọ náà kúrò lára bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí gìtá, ó ń ta wọ́n bẹ́ẹ̀ láìlórúkọ fún oṣù díẹ̀. Nínú 1951 ni Telecaster dé. Tẹlifíṣọ̀n ló lòde nígbà náà.

Mo fẹ́ kí ẹ fojú inú bá mi tú u báyìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ dẹ okùn, ẹ dojú gìtá bolẹ̀. Níbi tí ọrùn ti pàdé ara, ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin tí ìdè mẹ́rin dì mú. Ẹ fi sukudíráfà tú ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọrùn á bọ́ sí yín lọ́wọ́. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí omi gbígbóná, kò sí ayùn. Bí ọrùn náà bá ti tẹ̀ kọjá àtúnṣe, ẹ wá òmíràn, ẹ dì í padà, gìtá tún di ti ijó alẹ́. Ẹ dá ojú rẹ̀ sókè. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, irin tóóró kan wà tó ru súwíìṣì àti ohun yíyí méjì, ọ̀kan fún bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò, èkejì fún dídán ohùn. Ìdè méjì ló dì í. Ẹ tú u, ẹ gbé e sókè, ẹ dà á dé: gbogbo wáyà inú gìtá náà ló wà lójú yín lórí irin kan ṣoṣo. Èyí tó já á hàn, ẹni tó bá ní iná ìjówáyà á sì jó o padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Ẹ wá fi wé ES-335. Mo fẹ́ràn ohùn gìtá yẹn, n kò ní purọ́. Ìtì igi wà láàárín ikùn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣófo, ó sì kó ọ̀yàyà gìtá àtijọ́ mọ́ agbára tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń tún un ṣe léèrè. Kò sí ìdérí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ohun yíyí kan bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, ẹni tó ń tún un ṣe á so òwú mọ́ gbogbo rẹ̀, á fi òwú fà á jáde láti ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú gìtá, á tún un ṣe, á sì máa fi òwú náà fa ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí ààyè rẹ̀, á máa fi ìka àti dígí wò ó. Iṣẹ́ wákàtí ni lọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́. Lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, gìtá lè má dún mọ́.

Les Paul ni alátakò tó le jù, mo sì fẹ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ted McCarty ló jẹ́ ọ̀gá Gibson, ní ìlú Kalamazoo, nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Ara rẹ̀ jẹ́ mahogany, ìyekan igi ọ̀gànwó tiwa, wọ́n sì fi maple bo ojú rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ojú náà kó yọ kókó bíi ti fáólìnì. Láti 1957 ló ti gba píkọ́ọ̀pù tí Seth Lover ṣe. Ohun tí Lover ṣe jinlẹ̀: dípò ìdì wáyà kan, ó fi méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó dojú òòfà ọ̀kan kọ òdìkejì ti èkejì, ó sì so wáyà wọn ní ìdàkejì, débi pé ariwo iná tó wọ inú méjèèjì á pa ara rẹ̀ run, ohùn okùn nìkan á sì kù. Ohùn náà nípọn, ó ń pẹ́ nílẹ̀, ó ń sunkún bí a bá fẹ́ kó sunkún. Àwọn Les Paul aláwọ̀ oòrùn (sunburst) tí wọ́n ṣe láàárín 1958 sí 1960 kò tó 2,000, ọjà kò sì gbà wọ́n nígbà náà. Ní 1961 Gibson pa ìrísí náà tì. Nígbà tó di 1966 tí Eric Clapton fi ọ̀kan ta gìtá lórí àwo tí òun àti John Mayall ṣe, ni ayé tó mọ ohun tó ti sọ nù. Ní 1968 ni Gibson tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Ṣùgbọ́n orí Les Paul tẹ̀ sẹ́yìn, igi tí wọ́n fi ṣe ọrùn rẹ̀ kò le tó maple, wọ́n sì tún gbẹ́ ihò sí i níbi tó ti tín-ín-rín jù láti rí ààyè yí ọ̀pá irin. Bó bá ti ibi ìdúró rẹ̀ ṣubú, ọrùn á ṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí àwọn alátùn-únṣe ń rí ní gbogbo ayé ni. Ọrùn náà sì nìyí, gọ́ọ̀mù ló fi mọ́ ara. Gìtá tó lẹ́wà jù lágbàáyé, ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan láti orí àga, owó tí a ó ná lé e lè ju owó gìtá mìíràn lọ.

Stratocaster wá ńkọ́, ọmọ ìyá Telecaster gan-an? Òun ni ó wọ́pọ̀ jù, òun ni Buddy Holly gbé sọ́wọ́, òun ni Jimi Hendrix dojú rẹ̀ kọ òdìkejì tó sì fi ta orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní Woodstock ní 1969. Ó ṣeé tú bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ara rẹ̀ sì rọ̀ mọ́ ìhà ẹni ju ti Telecaster lọ. Ohun kan ṣoṣo ló mú mi fi í sílẹ̀. Stratocaster ní irin gbígbọ̀n tí sípíríǹgì gbé ró láti ẹ̀yìn. Okùn mẹ́fà ń fà á síwájú, sípíríǹgì ń fà á sẹ́yìn, ìdọ́gba àárín wọn ló mú ohùn dúró. Bí okùn kan bá já, ìdọ́gba náà bàjẹ́, okùn márùn-ún tó kù á sì sá kúrò lójú ohùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ilé ìgbohùnsílẹ̀, kò tó nǹkan. Ẹ gbé e wá sí òde àríyá wa, níbi tí orin kan lè gùn tó wákàtí kan láìdáwọ́ dúró, tí ọ̀gá ń ki olówó, tí gángan ń dá a lóhùn, tí wọ́n ń náwó lọ́wọ́. Ẹni tó ń ta gìtá kò lè gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dúró. Bí okùn Telecaster bá já, márùn-ún yòókù dúró síbi tí wọ́n wà, nítorí irin rẹ̀ dì mọ́ igi pinpin, okùn sì gba inú igi kọjá láti ẹ̀yìn wá. Onígìtá á gba ibòmíràn lọ lára ọrùn, ijó á sì máa lọ.

Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ dé báyìí. Lábẹ́ okùn mẹ́fà, òòfà mẹ́fà ló wà nínú píkọ́ọ̀pù tó wà nísàlẹ̀, wọ́n sì lọ́ wáyà bàbà tín-ín-rín yí wọn ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn irin bá mì lókè òòfà, iná kékeré á ta nínú wáyà, ohun tó ń lọ sínú àǹpílífáyà nìyẹn. Gbogbo píkọ́ọ̀pù ló ń ṣe èyí. Ohun tó ya ti Telecaster sọ́tọ̀ ni pé inú irin pẹlẹbẹ tí okùn gbára lé gan-an ni wọ́n dì í sí, ó dúró ní ìdagun, irin mìíràn sì tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi bàbà bò. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi mú, tó fi ń ta sókè kíá, tí ìbẹ̀rẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan fi hàn ketekete. Inú gìtá orí itan tí Fender ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló ti mú píkọ́ọ̀pù náà wá.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ gìtá orí itan yẹn. Nígbà tí King Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde fún ilé iṣẹ́ Island ní 1982, ohun tó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu ni gìtá kan tó ń fà gbọọrọ bí ẹni ń kọrin láàárín ìlù: Demola Adepoju ló jókòó tì í, ó ń fi irin yọ̀ lórí okùn. Irú gìtá yẹn àti Telecaster, ìran kan náà ni wọ́n. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé gìtá àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ni Telecaster, pé kò bá orin wa tan, mo máa ń ní kó lọ tún àwo Sunny gbọ́.

Kì í ṣe Telecaster ló gbé iná wọ inú jùjú o. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè ti so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ọdún kan ṣáájú kí Telecaster tó dé ọjà. Láti ìgbà yẹn ni gìtá ti lè dúró láàárín ìlù púpọ̀ láìsọnù, tí ẹgbẹ́ jùjú sì ń tóbi sí i títí dé ìgbà Ebenezer Obey àti Sunny, tí gìtá mẹ́ta, mẹ́rin, jọ ń dún nínú ẹgbẹ́ kan. Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe ń ta á. Gìtá kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn kúkurú tirẹ̀, gìtá tẹ́nọ̀ ń sọ tirẹ̀ léraléra, òmíràn ń bọ́ sí àlàfo tí tẹ́nọ̀ fi sílẹ̀, léèdì ń ra ara rẹ̀ kọjá lókè wọn. Bí gbogbo wọn bá ní ohùn tó nípọn tó sì ń pẹ́ nílẹ̀, àlàfo á dí, orin á di àdàlù. Ohùn tó tètè bẹ̀rẹ̀ tó sì tètè kúrò lọ́nà ni iṣẹ́ yìí ń béèrè.

Steve Cropper ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an ní Memphis, ní ilé iṣẹ́ Stax. Ẹ gbọ́ ọ nínú Green Onions tí ẹgbẹ́ Booker T. and the M.G.'s ṣe ní 1962: ó fi Esquire, Telecaster onípíkọ́ọ̀pù kan, sọ̀rọ̀ ṣókí, ó dákẹ́, ó tún sọ ṣókí, ìdákẹ́ náà sì wúwo tó ọ̀rọ̀. Muddy Waters gbé Telecaster pupa ní Chicago fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohùn tó ń tinú rẹ̀ jáde le bí òkúta. Keith Richards yọ okùn kẹfà kúrò lára tirẹ̀, ó fi márùn-ún ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó bá sì ń wí pé gìtá yìí tín-ín-rín lóhùn, kí wọ́n mọ̀ pé Telecaster ti 1959 ni Jimmy Page fi ta ibi tó ti dá gìtá ta nínú Stairway to Heaven, tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn gbà pé Les Paul ni, nítorí òun ni wọ́n ń rí lọ́wọ́ rẹ̀ nínú fọ́tò.

Ó ní àléébù. Ìdì wáyà kan ṣoṣo ló wà nínú píkọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, kò ní ohun tí Seth Lover fi ń pa ariwo iná, nítorí náà ó máa ń kùn. Níbi tí wọn kò bá ti fi wáyà ilẹ̀ sí iná dáadáa, tàbí níbi tí iná onígò funfun gígùn bá wà lókè orí onígìtá, kíkùn náà lè pọ̀ débi tí á fi bí àwọn olùgbọ́ nínú. Ìgbà mìíràn, kí onígìtá kàn yí ara padà díẹ̀ ti tó láti dín in kù. Ìgbà mìíràn kò tó. Etí igi rẹ̀ mú, ó ń gún ìhà ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́fà dúró tì í. Àwọn olórin sọ èyí fún Fender, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ́ ara Stratocaster rọ̀. Láti yí ọ̀pá irin tó wà nínú ọrùn àwọn ti àtijọ́, a gbọ́dọ̀ tú ọrùn kúrò ná, nítorí ìsàlẹ̀, nínú ara gìtá, ni ojú rẹ̀ wà. Nígbà ọyẹ́, tí igi ń gbẹ tó sì ń yí padà, èyí lè sú èèyàn: tú u, yí i díẹ̀, dì í padà, wò ó, tún un tú. Píkọ́ọ̀pù ti òkè sì ńkọ́? Láti gbé e sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a ní láti ṣí ike dúdú ojú rẹ̀ kúrò pátápátá. Ó yà mí lẹ́nu pé ọkùnrin tó ronú jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nípa àtúnṣe jẹ́ kí ìyẹn kọjá.

Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i pé púpọ̀ nínú àwọn àléébù yìí ni sukudíráfà àti sùúrù ká. Ní ìlú tí gbogbo ohun èlò gìtá ti ń ti òkè òkun bọ̀, tí owó dọ́là kò sì dúró síbì kan, èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá fún mi ju kí n mọ gìtá tó tàn jù lọ. Àwọn tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ládùúgbò wa, bí wọn kò tilẹ̀ fọwọ́ kan gìtá rí, ohun tó wà lábẹ́ irin tóóró yẹn kò lè ṣàjèjì sí wọn: súwíìṣì kan, ohun yíyí méjì, kàpásítọ̀, wáyà díẹ̀. Ará iṣẹ́ wọn ló ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tiyín, ẹ má wá èyí tí wọ́n ṣe ní 1952. Owó rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ olórin, ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń kó gìtá jọ. Kò sì pọn dandan. Fender ṣì ń ṣe Telecaster, ó ń ṣe é ní Mẹ́síkò náà, láti 1982 ló sì ti ní orúkọ Squier fún àwọn tí owó wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ tokunbọ̀ lẹ fẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbé ojú sí ìdí gìtá kí ẹ fi ojú kan wo gígùn ọrùn lọ sókè, kí ẹ rí i pé kò lọ́; ọrùn tó tẹ̀ síwájú díẹ̀ ní àtúnṣe, èyí tó lọ́ kò ní. Ẹ wo ìdè mẹ́rin ẹ̀yìn: bí orí wọn bá ti jẹ, ẹnìkan ti tú u rí, ẹ béèrè ìdí. Ẹ so ó mọ́ àǹpílífáyà, ẹ yí gbogbo ohun yíyí, ẹ ti súwíìṣì síbí sọ́hùn-ún. Bó bá ń ha, ẹ má sá. Ìdọ̀tí ni sábà, ẹ kàn fi dín owó rẹ̀ kù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Ó ku ohun kan tí àwọn olólùfẹ́ Telecaster fi ń bára wọn jà, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí mo dúró sí. Lára àwọn ti àtijọ́, kókó idẹ mẹ́ta ni okùn mẹ́fà gbára lé, méjì-méjì lórí ọ̀kan. Nítorí náà, bí a bá sún kókó kan kí okùn kan lè bọ́ sójú ohùn gẹ́lẹ́ dé òkè ọrùn, èkejì rẹ̀ á yà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun ní kókó mẹ́fà, okùn kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ti mẹ́ta ni mo mú. Idẹ náà nípọn, okùn méjì tó jọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ń jẹ́ kó dúró ṣinṣin, ohùn tó ń wá láti ibẹ̀ ní ìgbóná kan tí mi ò rí nínú ti mẹ́fà. Àwọn kan sì ti ń ṣe kókó mẹ́ta tí wọ́n gbẹ́ ní ìdagun, tó ń yanjú púpọ̀ nínú yíyà yẹn, owó rẹ̀ kò wọ́n, wákàtí kan kò sì ní pé kí ẹ tó fi í sí i tán. Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ Les Paul, mo ti rí ọwọ́ yín lókè láti ìgbà díẹ̀; ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu yín.